Bàálù Kò Ní Rìfáàsì: Ẹ̀kọ́ fún Awakọ̀ àti Òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́

Àsọyé tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa ṣe níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìhùnbọ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀ràn arákùnrin wa tí tírélà gun lẹ́sẹ̀ nínú ọgbà iléeṣẹ́ ni à ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí bàálù kan kọjá lókè orí wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ti wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbójú sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí náà ní rìfáàsì?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa. A wá ṣèlérí pé a ó lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. A ti wádìí rẹ̀ o, a sì rí i pé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ìdáhùn rẹ̀ kan ẹsẹ̀ wa, ó kan ẹ̀mí wa pẹ̀lú.

Ìdáhùn náà nìyí. Bàálù ńlá kò ní rìfáàsì bí mọ́tọ̀ ti ní in. Kò tilẹ̀ ní gíà tó ń yí táyà. Nínú mọ́tọ̀ tiwa, ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà, táyà ló sì ń gbé ọkọ̀ lọ. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà rẹ̀ kàn ń yí lásán ni, bíi ti ọmọlanke tí ènìyàn ń tì. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, tó ń tú u jáde lẹ́yìn pẹ̀lú agbára ńlá, agbára yìí ló sì ń ti bàálù síwájú, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ lókè. Lóòótọ́, ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó lè darí afẹ́fẹ́ yìí padà síwájú. Òun ni wọ́n ń lò láti dín eré kù nígbà tí bàálù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fi í fẹ̀yìn rìn nítòsí ilé àti ènìyàn, nítorí pé ìjì rẹ̀ lè gbé òkúta àti ẹrù sókè. Yàtọ̀ sí èyí, awakọ̀ kò ní dígí tí yóò fi wo ẹ̀yìn.

Báwo ló ṣe ń kúrò níbi tó ti kó èrò? Katakata pẹrẹsẹ kan tó wúwo ni yóò wá. Wọ́n á fi ọ̀pá irin so ó mọ́ táyà iwájú bàálù, katakata á sì máa tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Òṣìṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Níbi tí àyè bá fún pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù kí ó má baà kan ohunkóhun. Nígbà tí bàálù bá sì ń bọ̀ wá dúró, òṣìṣẹ́ kan ló ń dúró níwájú rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá méjì tó ní àwọ̀ títàn júwe fún un títí yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wẹ́ẹ̀jì há táyà rẹ̀, gan-an bí ọmọ mọ́tọ̀ ti ń ṣe fún tírélà wa.

Kí nìdí tí gbogbo ìrànlọ́wọ́ yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bàálù tí wọ́n ń pè ní Boeing 737-800, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní gbogbo ayé. Láti ìpẹ̀kun apá kan dé ìpẹ̀kun apá kejì ju mítà 35 lọ. Bí ó bá kún fún epo, èrò àti ẹrù, ìwọ̀n rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 79. Awakọ̀ jókòó síwájú pátápátá. Kò rí ìrù ọkọ̀ rẹ̀ rárá, ó sì ṣòro fún un láti mọ ibi tí apá rẹ̀ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tí kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni yóò fi ríran.

Bí katakata bá ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Sítíárìn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá awakọ̀ tó ń fi yí táyà iwájú. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ búrékì, ti òsì lọ́tọ̀, ti ọ̀tún lọ́tọ̀. Lójú ọ̀nà tó gún, eré rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan lọ. Bí ó bá dé kọ́nà, á dín in kù sí nǹkan bíi 18. Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti ibí lọ sí Ìpókíá á kọjá lára rẹ̀ fíìn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwa òṣìṣẹ́ mọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á tan iná pupa tó ń ṣẹ́jú lókè àti nísàlẹ̀ ikùn bàálù. Níwọ̀n ìgbà tí iná náà bá ṣì ń ṣẹ́jú, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì. Iwájú rẹ̀ lè fa ènìyàn wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbá ènìyàn dànù. Kò sí ọ̀gá tó lè ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ gbé ẹrù níbẹ̀ kíákíá kí iná tó kú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1979, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọ̀nà gbọọrọ tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kí ó tó gbéra, tó sì ń balẹ̀ sí, òun ni wọ́n ń pè ní rọ́nwéè. Méjì ni ó wà ní Ìkẹjà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó gùn jẹ́ mítà 3,900, èkejì jẹ́ mítà 2,743. Àwọn ọ̀nà tó so ibi ìkérò mọ́ rọ́nwéè ni wọ́n ń pè ní tásíwéè. Ẹ máa fi ojú ọ̀nà márosẹ̀ wo rọ́nwéè, kí ẹ sì fi ojú àwọn ọ̀nà tó ń já sí i wo tásíwéè.

Kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń sọ rọ́nwéè lórúkọ. Ẹni tó bá kọjú sí gúúsù, kọ́ńpáàsì á fi 180 hàn án. Wọ́n á yọ òdo tó kẹ́yìn, á di 18. Ẹni tó kọjú sí àríwá á rí 360, á di 36. Nítorí náà rọ́nwéè kan ṣoṣo ní orúkọ méjì, orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ìkẹjà, wọ́n fi òsì àti ọ̀tún dá wọn mọ̀. Ní ti tásíwéè, lẹ́tà A, B àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Orúkọ wọn wà lára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Àwọ̀ tún ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi ń kun ojú rọ́nwéè, yẹ́lò ni ti tásíwéè. Lóru, iná búlúù ló ń fi etí tásíwéè hàn, iná àwọ̀ ewé sì ń fi àárín rẹ̀ hàn níbi tí wọ́n bá ti fi í sí. Níbi tí tásíwéè bá ti fẹ́ já sí rọ́nwéè, ìlà yẹ́lò mẹ́rin ló dábùú ọ̀nà, méjì gùn gbọọrọ, méjì gé wẹ́wẹ́. Bí awakọ̀ bá ń bọ̀ láti tásíwéè, ìlà gbọọrọ ni yóò kọ́kọ́ bá. Ó gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi ní kó kọjá. Bí ó bá ń jáde bọ̀ láti rọ́nwéè, ìlà gígé ni yóò kọ́kọ́ bá. Kò gbọdọ̀ dúró títí gbogbo ara ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kọjá tán, kí ìrù rẹ̀ má baà wà lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Pátákó pupa tí wọ́n fi funfun kọ nọ́ńbà rọ́nwéè sí tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní àwọn pápá mìíràn, wọ́n to iná pupa sínú ilẹ̀ dábùú ọ̀nà.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń fẹ́ àbójútó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọ́nwéè kúkurú ti Ìkẹjà kò ní iná tí bàálù lè fi balẹ̀ lóru. Ní 2022 ni FAAN tì í pa kí wọ́n lè fi iná sí i. Ṣáájú ìgbà náà, bàálù tó ń lọ sí ibùdó abẹ́lé tí ilẹ̀ bá ti ṣú fún ní láti balẹ̀ sórí rọ́nwéè gígùn, kí ó tún máa rìn lọ títí kí ó tó dé ibi tí yóò já èrò sí, tí epo ń jó. Ní oṣù Keje 2005 pẹ̀lú, bàálù Air France kan balẹ̀ ní Port Harcourt, ó sì kọlu màlúù lójú rọ́nwéè. Àwa tí à ń gbé ní agbègbè yìí, a mọ ohun tí màlúù lójú ọ̀nà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, bí ọ̀dà ti dára tó, bí iná ti mọ́lẹ̀ tó, awakọ̀ bàálù kì í dá rìn. Ní pápá tó bá ní ilé ìṣọ́, àṣẹ ni ó ń gbà láti ibẹ̀ lórí rédíò kí ó tó rìn, wọ́n sì ń sọ fún un ọ̀nà tí yóò gbà àti ibi tí yóò dúró sí. Kì í ṣe kí ó kàn ní "mo ti gbọ́". Ó gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà, kí ẹni tó pàṣẹ lè mọ̀ pé ohun tí òun sọ ni ó gbọ́. Bí ó bá tún un sọ ní àṣìsọ, wọ́n á tún un ṣe kí táyà tó yí.

Ẹ̀jẹ̀ ni ayé fi kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1977, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, bàálù ńlá méjì irú 747 kọlu ara wọn lórí ilẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM, ti ilẹ̀ Họ́láǹdì. Èkejì jẹ́ ti Pan Am, ti Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù kan ló ti bú ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Las Palmas lọ́jọ́ náà, wọ́n sì darí ọ̀pọ̀ bàálù lọ sí Tenerife. Ibẹ̀ kò tóbi. Bàálù tí wọ́n gúnlẹ̀ dí tásíwéè, ó wá di dandan kí àwọn tó fẹ́ lọ máa rìn lórí rọ́nwéè gan-an. Kùrukùru sì bo ilẹ̀. Ilé ìṣọ́ kò rí bàálù, bàálù méjèèjì kò sì rí ara wọn.

KLM ti dé ìpẹ̀kun rọ́nwéè, ó ti yí padà, ó ń retí àṣẹ. Pan Am ń bọ̀ lẹ́yìn lórí rọ́nwéè kan náà. Wọ́n ní kí ó yà ní kọ́nà kẹta, ṣùgbọ́n ó ti kọjá rẹ̀, ó ń lọ sí ìkẹrin. Ilé ìṣọ́ ti sọ fún KLM ọ̀nà tí yóò gbà nígbà tí ó bá gbéra tán, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní kí ó gbéra. Ọ̀gá awakọ̀ KLM gbà pé àṣẹ ti dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ eré. Ilé ìṣọ́ ní kí ó dúró ná. Pan Am náà ké lórí rédíò pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dí ara wọn lọ́wọ́. Ariwo lásán ló wọ etí KLM.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú yàrá awakọ̀ KLM tí ara fu. Onímọ̀ ẹ́ńjìnnì tó jókòó lẹ́yìn béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, òun wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ yòókù níṣẹ́. Ẹni tó béèrè dákẹ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kọlu ara wọn. Ènìyàn 583 ló kú.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n yí ọ̀rọ̀ orí rédíò padà kárí ayé. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbéra" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ilé ìṣọ́ àfi ìgbà tí wọ́n bá ń fún bàálù láyè láti gbéra gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gba àyè náà padà. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ tó bá rí ewu gbọdọ̀ sọ ọ́, kí ó tún un sọ, kí ọ̀gá sì gbọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, kí ó wo Japan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2024, ní pápá Haneda ní Tokyo, wọ́n ní kí bàálù kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun rìn dé ibi ìdúró létí rọ́nwéè. Ó kọjá ibẹ̀, ó wọ rọ́nwéè, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀ gbà pé wọ́n ti fún òun láyè. Bàálù ńlá ti Japan Airlines balẹ̀ lé e lórí. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú èyí kékeré, márùn-ún kú. Àwọn 379 tó wà nínú bàálù ńlá jáde láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jóná tán, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, àwọn èrò sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Arákùnrin wa tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ni, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Tírélà ń fẹ̀yìn wọlé láti wá kó ẹrù. Ọ̀gá sítọ̀ọ̀ wà lápá ọ̀tún, ó ń fọwọ́ pe awakọ̀ pé "máa bọ̀, máa bọ̀". Ọmọ mọ́tọ̀ wà lápá òsì, ó rí arákùnrin wa tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń to páálí, ó sì ń ké pé "dúró!". Ohùn méjì dé etí awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì sì ń pariwo. Ti ọ̀gá ló gbọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún arákùnrin wa ló wà lábẹ́ táyà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mọ́tọ̀ tó ké ni wọ́n fún ní kúérì, wọ́n ní kí ló ń wá nínú ọgbà. Ẹgbẹ́ dá sí i, wọ́n gba ìwé náà padà. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa ṣì ń fi ọ̀pá rìn títí di òní.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tenerife ló ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn. Ohùn méjì dí ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ rí ewu, ọ̀gá kò gbọ́ tirẹ̀. Awakọ̀ kò rí ẹ̀yìn, kò sì dúró béèrè.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ẹ̀ka wa fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Èkíní, kí wọ́n fi ọ̀dà la ọ̀nà nínú ọgbà, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìlà ìdúró sì wà níbi tí méjèèjì bá ti pàdé. Èkejì, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa júwe fún ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn, kí ó wọ aṣọ tí gbogbo ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Bí awakọ̀ kò bá rí i mọ́, kí ó tẹ búrékì. Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀ tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún un sọ padà kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrékì. Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni lè ké "dúró", ìbáà jẹ́ ọmọ mọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá tó ń gbálẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ sì dúró. Bí a bá sì rí i pé kò sí ewu, kí wọ́n má ṣe fún un ní kúérì.

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan yóò ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ dá wọn lóhùn pé bàálù tó gbé ọ̀pọ̀ èrò, tí owó epo rẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ̀ wa lọ, ń dúró síbi ìlà yẹ́lò títí àṣẹ yóò fi dé. Tírélà tó kó páálí lè dúró ìṣẹ́jú kan.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, kí ó tètè fi tó agbanisíṣẹ́ létí, kí ó sì fi tó ẹgbẹ́ létí pẹ̀lú. Òfin Employee's Compensation Act ti 2010, tí NSITF ń bójú tó, fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni ó fi sílẹ̀ fún un láti sọ ọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú sí ọmọ mọ́tọ̀ tó bá ní kí ẹ dúró. Ojú yín ni.

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè ìbéèrè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Bàálù kò ní rìfáàsì. Bí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ló ń tì í, tí wọ́n ń bá a wo ẹ̀yìn, awakọ̀ rẹ̀ sì ń gbọ́ tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó lọ sílé lónìí.

A ó délé láyọ̀ o. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.